Player's Handbook 2014: orúkọ rẹpẹtẹ, ẹnubodè títì

Ẹ má bínú, mi ò ní sọ̀rọ̀ ìjà àti idán inú ìwé D&D yìí (Dungeons & Dragons, géèmù ìtàn orí tábìlì tí kálukú ti ń ṣe ẹ̀dá kan), ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí ó ti sú yín. Orí 2 ni tèmi, ibi tí wọ́n to ẹ̀yà ẹ̀dá 9 tí èèyàn lè ṣe sí, tí wọ́n wá ya 5 sọ́tọ̀ pé àwọn yìí ò wọ́pọ̀, pé kì í ṣe gbogbo ayé géèmù ni wọ́n wà.

Orúkọ ni wọ́n ti gbìyànjú jù. Dragonborn, ẹ̀dá tó jọ dírágónì, máa ń fi orúkọ ìdílé ṣíwájú tiẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ pa nínú ìtẹ́ kan náà sì ní ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pera wọn. Tiefling, àwọn oníwo tí ìran wọn tan mọ́ ẹ̀mí àìmọ́, ńkọ́? Ọ̀dọ́ wọn lè sọ orúkọ àbísọ nù kó mú ọ̀rọ̀ kan, bí Ìrètí àbí Ìbànújẹ́, kó wá máa sapá láti jọ orúkọ ọ̀hún. Tiefling lèmi ń ṣe, mo mú Nowhere, ìyẹn "kò síbì kankan". Ó wà nínú ìwé o, mi ò hùmọ̀ ẹ̀.

Orúkọ sì ro mí. Ìwé kàn sọ pé àwọn èèyàn máa ń fura sí tiefling, pé wọn ò nílùú tiwọn, ó kù sọ́wọ́ DM, ẹni tó ń darí ìtàn. DM tiwa wá gbé e karí, ìjókòó 4 tẹ̀ léra, ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè dá mi dúró, onílé èrò ní yàrá ti kún, ọmọdé rí ìwo lórí mi ó figbe ta, àwọn yòókù á wọlé lọ máa ṣe géèmù wọn, èmi á wà níta bí ajá tí wọ́n so mọ́gi. Lẹ́ẹ̀kan ó dùn. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ìyà ni. Mo bá bẹ DM pé kí ẹnì kan ṣoṣo nílùú yẹn béèrè orúkọ mi. Ìyá arúgbó tó ń ta àbẹ́là béèrè, mo ní Nowhere, ó ní "ta ló sọ ẹ́ nírú ẹ̀?", mo ní èmi ni mà, ló bá bú sẹ́rìn-ín, àtọjọ́ náà la ti ń gbádùn. Ìlà mẹ́ta péré nínú ìwé ì bá ti kọ́ DM nírú ìyẹn.

Kenku, ẹ̀yà tó jọ ẹyẹ tó máa ń ṣàfarawé ìró, ò sí níbí, inú ìwé D&D míì, Volo's Guide to Monsters ti 2016, ló wà, àmọ́ mi ò lè fò ó: ariwo lorúkọ wọn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ń jẹ́ ìró kùmọ̀, Basher làwọn ẹ̀yà míì á máa pè é. Tiwa ò le tó yẹn, ọ̀rẹ́ mi ń ṣe kenku méjì, ọ̀kan ń jẹ́ Gbì, àbúrò ẹ̀ ń jẹ́ Gbòà, ó tán!

Ẹ̀dà Player's Handbook ti 2024 ti pa ọ̀rọ̀ "race" (ẹ̀yà) tì, species ni wọ́n ń pè é báyìí, half-orc (àdàlù èèyàn àti orc) jáde, orc fúnra ẹ̀ wọlé. Èmi ṣì ń lo ti àtijọ́. Ìràwọ̀ 4 nínú 5, ẹnubodè yẹn ló jẹ ọ̀kan tó kù.