Abẹ Olójú Méjì fún Irùngbọ̀n: Èwo Ló Ń Pẹ́ Lọ́wọ́ Jù?

Ẹni tí ó bá fẹ́ pa abẹ onírọ́bà tì, tí ó fẹ́ ra ọ̀pá abẹ onírin tí a ń ki abẹ pẹlẹbẹ olójú méjì sí lẹ́nu, ìbéèrè kan ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ń tà á: ìgbà mélòó ni abẹ kan yóò fá irùngbọ̀n kí ó tó kú? Ìdáhùn tí yóò gbọ́ kì í sábà ju "ìgbà márùn-ún" lọ, bí ẹni pé inú iná kan náà ni gbogbo abẹ ti jáde wá. Abẹ tí ó mú jù lọ kọ́ ni ó ń pẹ́ jù lọ, èyí tí ó wọ́n jù lọ kọ́ sì ni owó rẹ̀ ń pé jù lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí olùrà mọ̀ kí ó tó na owó rẹ̀ nìyẹn.

Kí a tó fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ń pa abẹ. Irun ènìyàn rọ̀ ju irin abẹ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50, síbẹ̀ irun ni ó ń ba irin náà jẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Wọ́n fi ẹ̀rọ awò tí ó ń sọ ohun tín-ín-tín di ńlá wo ẹnu abẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi fá irùngbọ̀n, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe pé ẹnu abẹ ń kú díẹ̀díẹ̀ nìkan, ńṣe ni ó tún ń kán wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ níbi tí irun bá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí abẹ ń gé e. Irun gbígbẹ le ju irun tí ó ti mu omi lọ, nítorí náà ọwọ́ ẹni tí ń fá irun wà nínú ọjọ́ orí abẹ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọwọ́ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é ti wà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ tí olùrà gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ti irin kábọ́ọ̀nù àti irin tí kì í tètè dípẹtà. Láti ìgbà tí King C. Gillette ti gba àṣẹ ìdáàbòbò lórí abẹ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1904, irin kábọ́ọ̀nù ni ayé fi ń ṣe abẹ yìí. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Wilkinson Sword, ilé iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ idà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé abẹ irin tí kì í tètè dípẹtà tí wọ́n fi Teflon, ìbòrí kan tí ń yọ̀, bo ẹnu rẹ̀ jáde, tí àwọn yòókù sì sáré tẹ̀ lé e. Títí di òní Treet ti Pakístánì ṣì ń ṣe abẹ kábọ́ọ̀nù, ó sì máa ń lọ geere ní ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n ìgbà kan sí méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí lára rẹ̀. Omi ni ọ̀tá rẹ̀. Nínú balùwẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin pọ̀ sí, bí irú tiwa ní Èkó, ìpẹtà lè mú ẹnu rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ bí a kò bá gbọ̀n omi ara rẹ̀ dànù kí ó gbẹ. Irin kejì, tí kúrómíọ̀mù (èròjà tí ń dènà ìpẹtà) inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá 13 nínú 100, kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, ìgbà mẹ́ta sí méje sì ni àwọn tí ń lò ó sábà máa ń kà. N kò ní gba ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti ra ti kábọ́ọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ "platinum" tí a ń kọ sára páálí máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Kì í ṣe pé wọ́n fi platinum, irin olówó iyebíye, rọ abẹ náà. Ìbòrí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ni, tí wọ́n pò mọ́ kúrómíọ̀mù lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹnu abẹ má baà tètè kú. Teflon, irú èyí tí wọ́n fi ń bo inú páànù ìdínran kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ni ó máa ń wà lókè pátápátá, òun náà sì ni ó ń kọ́kọ́ ṣí kúrò. Ìdí nìyí tí abẹ kan náà kì í fi í rí bákan náà lójú ẹni ní ìgbà kìíní àti ìgbà kejì.

Ẹ wá jẹ́ kí a gbé Feather ti Jàpáánù sí ẹ̀gbẹ́ Derby Extra ti Tọ́kì. Ní ìlú Seki, tí a mọ̀ fún idà rírọ láti ayébáyé, ni ilé iṣẹ́ Feather ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí abẹ tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò máa ń sọ pé ó mú jù ú lọ. Derby rọra ní tirẹ̀, ó sì máa ń dárí ji ọwọ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé iye ìgbà tí àwọn méjèèjì ń lò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìgbà méjì sí mẹ́rin, àmọ́ ìdí rẹ̀ kò jọra rárá. Ẹnu Feather tín-ín-rín púpọ̀, nítorí náà bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ojú ẹni a tètè mọ̀ ọ́n, nítorí ibi gíga ni ó ti ń já bọ̀. Derby kò ní mímú púpọ̀ tí ó lè pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀, bí díẹ̀ bá sì ti lọ nínú rẹ̀, ó ti ń fa irun nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ra Feather ń ra fífá tí ó mọ́lẹ̀ kedere, kì í ṣe ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ sì le gan-an kò ní gbádùn Derby rárá.

Àárín àwọn méjì yìí ni Astra Superior Platinum, èyí tí páálí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, àti Personna tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ní Verona ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà. Astra máa ń tó ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà, Personna márùn-ún sí méje. Èmi yóò yan Personna fún ẹni tí ń fá irùngbọ̀n lójoojúmọ́, nítorí pé ọjọ́ kẹrin rẹ̀ kò jìnnà sí ọjọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n Astra ni ó sábà máa ń rọ̀ lówó, tí ó sì rọrùn láti rí.

Ní ti Nacet àti Tiger tí ó wà ní gbogbo ìsọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí aránṣọ fi ń tú ojú rírán tí àwọn onídìrí sì ń lò, wọ́n ṣe é fá irùngbọ̀n dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ara páálí kí ẹ mọ irú irin tí ó jẹ́, kí ẹ sì yàgò fún èyí tí ìdì rẹ̀ ti já.

Ẹni tí ọjọ́ pípẹ́ jẹ lógún ju gbogbo nǹkan lọ lè wo ti abẹ olójú kan. Abẹ olójú méjì kò nípọn ju ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan lọ, ti olójú kan sì nípọn ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Feather Artist Club, tí ó jẹ́ olójú kan, lè fá irùngbọ̀n ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pá rẹ̀ àti abẹ rẹ̀ ni ó wọ́n.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi iye owó páálí wé ara wọn. Iye owó fífá kan ni kí ẹ ṣírò. Bí a bá ní abẹ kan jẹ́ ₦150 tí ó sì fá irun ní ìgbà márùn-ún, ₦30 ni ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí òmíràn bá jẹ́ ₦100 tí ó kú lẹ́yìn ìgbà méjì, ₦50 ni. Èyí tí ó dà bí ọ̀pọ̀ ni ó wọ́n jù. Ẹ ra páálí ẹlẹ́yọ márùn-ún ti oríṣi méjì tàbí mẹ́ta ná, kí ẹ sì fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ irùngbọ̀n yín fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó fi ọṣẹ sí i. Lẹ́yìn tí ẹ bá fá a tán, ẹ ṣan abẹ, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ má fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀, nítorí aṣọ náà ń ba ẹnu abẹ jẹ́.

Fún àwa tí irun wa ká kókó, tí ó máa ń hù padà sínú awọ tí ó sì ń di àwọn kókó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lọ́rùn, iye ìgbà tí mo kà wọ̀nyí kì í ṣe àṣẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí abẹ bá fa irun dípò kí ó gé e ni kí ẹ yọ ọ́, ì báà jẹ́ ìgbà kejì rẹ̀. Ẹ má sì fi abẹ tí ẹ ti lò ya ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ ilé, nítorí kòkòrò HIV àti ti mẹ́dọ̀wú lè gba inú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kọjá. Agolo mílíìkì tí a ti lù ní ojú tín-ín-rín kan ni kí ẹ máa jù wọ́n sí. Bí ó bá kún, kí ẹ lu ojú ihò náà pa kí ẹ tó dà á nù, kí ó má baà gé ẹni tí ń kó ilẹ̀.