Kael tàbí Sarris: ta la ó tẹ̀ lé nídìí lámèyítọ́ fíìmù?

Ọdún 1962 ni Andrew Sarris, lámèyítọ́ fíìmù ará Amẹ́ríkà, gbé èrò àwọn ará Faransé wọ Amẹ́ríkà, pé olùdarí ló ni fíìmù. Nǹkan mẹ́ta ló fi ń wọn olùdarí: ìmọ̀ iṣẹ́, àmì ọwọ́ rẹ̀ tó ń hàn léraléra, àti ìtumọ̀ tó wà lábẹ́nú. Ẹni tó bá to fíìmù olùdarí kan tẹ̀léra wọn wò yóò rí ohun tí àwọn yòókù ò rí. Ṣùgbọ́n fíìmù játijàti náà lè gba oríyìn nítorí orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ibẹ̀ gan-an ni Pauline Kael, lámèyítọ́ ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, ti gbá a mú lọ́dún 1963: pé a dá ọwọ́ ẹnìkan mọ̀ kò ní kí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Kael kò ní òfin kankan. Ó máa ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì kọ ohun tó ṣe é lára, lédè tí èèyàn fi ń bá ọ̀rẹ́ jiyàn. Àròkọ rẹ̀ gígùn lórí Bonnie and Clyde lọ́dún 1967 gbèjà fíìmù tí ọ̀pọ̀ ti bú, kò sì pẹ́ tí ìwé ìròyìn The New Yorker fi gbà á síṣẹ́. Ó wà níbẹ̀ títí di 1991.

Ní ti gbólóhùn, Kael ló mọ̀ ọ́n kọ jù, kò tiẹ̀ jọra. Ewu rẹ̀ ni ìdánilójú tó ṣáájú ẹ̀rí. Lọ́dún 1971, ó kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé eré, Herman Mankiewicz, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá kọ ìwé eré fíìmù Citizen Kane. Àwọn tó yẹ àwọn àdàkọ ìwé eré náà wò lẹ́yìn náà rí ọwọ́ Orson Welles, olùdarí fíìmù ọ̀hún, níbẹ̀ dáadáa.