Áàpù àṣàrò tí mo ti ń lò fún ohun tó lé lóṣù méje: agogo ẹ̀ dáa, ìṣirò ọjọ́ ẹ̀ ni mi ò fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, áàpù yìí wúlò, mo sì ṣì ń lò ó dòní, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ẹ̀ tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ àṣàrò ẹ̀sìn Búdà mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, ohùn ẹ̀ tutù, kì í sọ̀rọ̀ jù. Á ní kó o jókòó, kó o na ẹ̀yìn ró, tó o bá ń mí sínú kó o mọ̀ pé ò ń mí sínú, tó o bá ń mí síta kó o mọ̀ pé ò ń mí síta, ó tán, á dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé, agogo kan á dún, kì í ṣe ariwo áláàmù o, ohùn abọ́ idẹ tí wọ́n fi igi lù ni, á dún, á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí o ò fi ní mọ ìgbà tó tán gan-an. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbà tí agogo yẹn ń rọlẹ̀ nìkan ni ọkàn mi dúró sójú kan, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ṣíwájú, ìrònú ni mo ń rò káàkiri.

Imú ló kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Gbogbo ẹ̀kọ́ inú ẹ̀, ihò imú ni wọ́n ní kéèyàn máa kíyè sí, níbi tí èémí ti ń wọlé, èmi sì rèé, ọ̀fìnkìn kì í jìnnà sí mi, tí imú bá ti dí inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó pẹ́ kí n tó kà á pé Mahasi Sayadaw, àgbà olùkọ́ ará Burma tó kú lọ́dún 1982, ikùn ló ní káwọn èèyàn máa kíyè sí, bó ṣe ń wú àti bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo gbìyànjú ẹ̀, ó bá mi lára mu. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí áàpù náà fi sọ ọ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ọjọ́ wá kàn. Ọjọ́ tó o bá ti jókòó, áàpù á ka ọjọ́ kan kún un, á fi iná kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà, tó o bá fo ọjọ́ kan péré, ó ti padà sí òdo nìyẹn. Streak ni wọ́n ń pè é. Mo ti dé 213 láìfo ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ẹ̀, aago ti lé ní mọ́kànlá àbọ̀, mo ti dùbúlẹ̀, mo wá rántí pé mi ò tíì ṣe tòní, mo fò dìde, mo tẹ̀ ẹ́, mo jókòó. Bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo ṣe dé tí ìpè wọlé, Mọ́mì mi ni. Mo gé e. Wọ́n tún pè, mo tún gé e, àyà mi ń já torí tí mo bá gbé e áàpù á dúró, ilẹ̀ ọjọ́ mìíràn á sì mọ́ bá mi lórí òdo. Agogo dún, nọ́ńbà di 214, ara tù mí. Ìgbà yẹn ni mo rí ohun tí àbúrò mi kọ ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé ìpè Mọ́mì, wọn ò rí oorun sùn, wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ohùn yín ni." Mo pè padà, wọ́n ti pa fóònù.

Mi ò sùn bọ̀rọ̀ lóru yẹn. Ohun tí Búdà sọ nínú ìwàásù ẹ̀ àkọ́kọ́ ní Sarnath, nílẹ̀ Íńdíà, ni pé ìyà ń bẹ, òùngbẹ ló sì ń fà á. Taṇhā ni wọ́n ń pè é lédè Pali, èdè ìwé àtijọ́ ẹ̀sìn Búdà, òùngbẹ gan-an ló túmọ̀ sí, òùngbẹ kí nǹkan jẹ́ tèmi kó má bọ́ lọ́wọ́ mi. Inú áàpù yìí náà ni mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, mo tiẹ̀ gbà á tọkàntọkàn, láìmọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lókè fóònù yẹn lòùngbẹ tèmi, àwọn tó ṣe áàpù náà sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó máa gbẹ mí ni.

Ọ̀nà tí Búdà là sílẹ̀ láti bọ́ lọ́wọ́ ìyà yẹn pín sí mẹ́jọ, ìkíyèsí ni ìkeje. Ọ̀rọ̀ tó tọ́, ìwà tó tọ́, iṣẹ́ òòjọ́ tó tọ́ ti ṣíwájú ẹ̀, àmọ́ mi ò gbọ́ ọ nínú áàpù yìí lẹ́ẹ̀kan rí pé kéèyàn má purọ́ tàbí kó má jalè. Ìkeje ni wọ́n mú, wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀. Sati tí wọ́n ń túmọ̀ sí ìkíyèsí yẹn, ìrántí ló jẹ́ ní ìpìlẹ̀, èdè tiwa náà sì mọ̀ ọ́n, torí iyè ló wà nínú "kíyè sí", iyè kan náà tá a fi ń rántí. Mo jókòó kíyè sí ikùn mi lálẹ́ yẹn, mo gbàgbé ìyá tó bí mi.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pa ìṣirò náà, mo pa gbogbo notification, mo wá fi agogo nìkan sílẹ̀, ó ń dún ní wákàtí wákàtí. Plum Village ni mo ti rí i kọ́, ibùdó tí Thich Nhat Hanh, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà ará Vietnam, dá sílẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1982, níbẹ̀ tí agogo bá dún, kódà tó bá jẹ́ fóònù ló dún, wọ́n á dá ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọ́n á mí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó máa bá a lọ. Àwo ni mò ń fọ̀ nígbà mìíràn tó bá dún, mo sì máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nígbà yẹn pé omi náà gbóná, pé fóòmù ọṣẹ ń bẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ọwọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dún bá mi níbi tí mo ti ń tẹ èsì kíkorò fún ẹnì kan níbi iṣẹ́, mo mí lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún un kà, mo pa ìdajì ẹ̀ rẹ́. Ìdajì tó kù ṣì le díẹ̀ ṣá. Tí Mọ́mì bá pè, mo máa ń mí mẹ́ta kí n tó gbé e, wọ́n ti ń bi àbúrò mi pé kí ló dé tí mi ò kì í tètè gbé fóònù mọ́.

Ti owó, ẹ̀kọ́ díẹ̀ ló wà lọ́fẹ̀ẹ́, ìyókù àfi kéèyàn máa san owó oṣooṣù. Mi ò bínú sí i, àwọn tó ṣe é gbọ́dọ̀ jẹun, àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́wàá ti S. N. Goenka, olùkọ́ àṣàrò mìíràn, kì í gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọrẹ àwọn tó ti parí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà àwọn tó ń bọ̀, áàpù Plum Village náà ọ̀fẹ́ ni.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un, méjì nínú ẹ̀ jẹ́ ti agogo. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ wọ sẹ́tìńsì, ẹ pa iná yẹn kó tó ka ọjọ́ kìíní.