Ẹ̀rọ Awárin Wo Ni Kí Ẹ Rà? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Wá Owó Ẹyọ àti Ohun Àtijọ́

"Èwo ló ń gbọ́ ohun tó jìn jù?" Ìbéèrè tí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ awárin, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀, kọ́kọ́ ń béèrè nìyẹn. Èmi náà béèrè rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ ra tèmi àkọ́kọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tó lè sá pamọ́ fún un, mo sì sanwó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo hú ìṣó, ìdérí ìgò, àjákù agolo, àti ẹsẹ̀ ìkòkò irin kan tó gbà mí ní ìdajì wákàtí kí n tó gbẹ́ dé ìdí rẹ̀. Gbogbo wọn ló jìn. Kò sí owó kankan nínú wọn.

Bí ilẹ̀ bá dára, ẹ̀rọ tó ṣe é fọkàn tán máa ń gbọ́ owó ẹyọ kan ṣoṣo dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25. Èyí tó gbówó lórí lè fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlọ́po méjì. Etí ni owó gọbọi ń rà: kí ẹ̀rọ mọ ohùn ìṣó yàtọ̀ sí ohùn fàdákà, kó sì tètè sọ fún yín bí àwọn méjèèjì bá sùn ti ara wọn.

Ìgbì kan, àbí ọ̀pọ̀?

Kọ́ìlì, ìyẹn abọ́ pẹrẹsẹ tí ẹ ó máa fì lórí ilẹ̀, ń rán ìgbì sísàlẹ̀. Irin tó bá pàdé á dá èsì padà, èsì náà á sì pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bó ṣe pẹ́ tó ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá irin lásán ni, bàbà ni, tàbí fàdákà. Ìgbì tó lọ́ra, bíi 5 kHz (ìyẹn ìgbì tó ń mì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ló mọ fàdákà àti owó bàbà ńlá tó jìn. Èyí tó yára, láti 20 kHz lọ sókè, ló ń rí òrùka wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ àti owó àtijọ́ tó fẹ́lẹ́ bí ewé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ méjì wéra: Garrett Ace 400 ń lo 10 kHz, Nokta Simplex+ ń lo 12 kHz. Ìgbì kọ̀ọ̀kan péré ni wọ́n ní, àárín sì ni àwọn méjèèjì dúró sí. Ẹ má jẹ́ kí 2 kHz tó wà láàárín wọn gba oorun lójú yín. Omi àti bátìrì ni kí ẹ wò. Simplex+ lè wọ omi dé mítà 3, bátìrì rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, bíi ti fóònù. Kọ́ìlì Ace 400 nìkan ló lè wọ omi. Bí òjò bá ṣú, ẹ ó wá ọ̀rá fi wé orí rẹ̀, ìyẹn àpótí tí bọ́tìnnì àti ojú rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bátìrì AA mẹ́rin ló ń lò, ẹ sì lè pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú kan níbi tí kò ti sí iná. Èmi á mú Simplex+. Ẹni tó máa ń sun inú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, kó mú Ace.

Minelab Equinox 800 àti XP Deus II ti kúrò ní ẹgbẹ́ wọn. Oríṣiríṣi ìgbì ni wọ́n ń rán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi èsì wọn wé ara wọn, wọ́n á sì yọ ariwo ilẹ̀ àti ti iyọ̀ kúrò. Lórí iyanrìn tútù etíkun ni ẹ ó ti mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó. Omi iyọ̀ ń gbé iná, nítorí náà ẹ̀rọ oníìgbì kan á kàn máa ké níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

Equinox wọ̀n tó kílò 1.34, Deus II kò tó kílò kan. Ó lè jọ pé kò tó nǹkan, àfi tí ẹ bá ti fì í fún wákàtí mẹ́rin, kí èjìká wá ròyìn. Equinox lè wọ omi dé mítà 3, Deus II dé mítà 20. Ṣùgbọ́n kò sí wáyà láàárín kọ́ìlì Deus II àti orí rẹ̀, rédíò ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, rédíò kì í sì í rìn lábẹ́ omi; ẹ ó ní láti so wáyà eriali mọ́ ọn. Ohun tí ẹ ó máa tẹ̀ tí ẹ ó máa yí nínú rẹ̀ tún pọ̀. Ẹni tí kò lo irú rẹ̀ rí, Equinox ni mo ń dárúkọ fún un.

Irú kẹta wà, èyí tí wọ́n ń pè ní pulse induction: á rán iná sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dákẹ́ díẹ̀ láti gbọ́ èsì, á tún rán òmíràn. Ilẹ̀ tó kún fún èròjà irin kì í dí i lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń wá ohun Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ní Culpeper, ní Virginia, fi ń gbé e lọ sórí ilẹ̀ pupa ibẹ̀. Àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣó yàtọ̀ sí owó, ohun gbogbo lẹ ó máa gbẹ́. Bí kò bá jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ ní, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ mú owó ẹyọ kan, ìṣó kan àti òrùka wúrà dání. Ẹ tẹ́ owó sórí ilẹ̀, ẹ fi ìṣó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìka mẹ́ta péré wà láàárín wọn, kí ẹ wá rọra fi ẹ̀rọ kọjá. Pẹ̀lú kọ́ìlì ínǹṣì 11, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìkùnsínú ìṣó nìkan lẹ máa gbọ́. Ẹ fi kọ́ìlì ínǹṣì 6 dán an wò: lẹ́yìn ìkùnsínú yẹn, ohùn kan á dún ṣákálá. Owó nìyẹn. Kọ́ìlì ńlá ń lọ jìn, ó sì ń gba ilẹ̀ púpọ̀. Kékeré ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí ìṣó ti pọ̀, irú bí ahoro ilé.

Ẹ wá fi òrùka sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé wá sójú rẹ̀ láti fi sọ irú irin tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi etí agolo tí wọ́n máa ń fà ya sí ipò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá ní kí ẹ̀rọ òun má ké sí etí agolo mọ́ ti ní kó má ké sí òrùka wúrà náà nìyẹn.

Ẹ má ná gbogbo owó yín sórí ẹ̀rọ ńlá. Ẹ fi díẹ̀ ra ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́mú tí ń tọ́ka sí ohun tó wà nínú ihò gan-an. Láìsí i, ẹ ó fẹ ihò lójú, ẹ ó sì fi ṣọ́bìrì ha owó lára.

Òfin ńkọ́? Ní Ireland, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ̀rọ yìí wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní England, ìṣúra gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún ìjọba láàárín ọjọ́ 14. Ọdún 1992 ni Eric Lawes gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ sí oko kan ní Hoxne, nítorí òòlù tó sọ nù lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń dáko níbẹ̀. Wúrà àti fàdákà àwọn ará Róòmù ló kàn. Kò hú gbogbo rẹ̀ tán. Ó dáwọ́ dúró, ó ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ. Owó ẹyọ tó wà níbẹ̀ lé ní 14,000. Wọ́n rí òòlù náà ṣá, òun náà sì wà ní British Museum.