Ọjà Jákàńdè àbí Gálárì Níkẹ̀ẹ́: Ibo ni kí ẹ ti ra iṣẹ́ ọnà ní Lekki?

Ojú ọ̀nà kan náà, láti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́, ló gbé wa dé ibi méjì tí àwọn tó ń wá iṣẹ́ ọnà ní Èkó sábà máa ń lọ. Ọ̀kan ni ọjà iṣẹ́ ọnà tó wà ní Jákàńdè, èkejì ni Gálárì Níkẹ̀ẹ́. Wọn kò jìnnà síra wọn, èèyàn sì lè dé méjèèjì lọ́jọ́ kan bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ bá gbà á láyè. Àmọ́ ohun tí owó yín ń rà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní ọjà, igi, idẹ, aṣọ tàbí awọ tó wà lọ́wọ́ yín lẹ ń sanwó rẹ̀. Ní gálárì, ẹ ń san owó orúkọ ẹni tó ṣe é mọ́ ọn. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tó ń wá nínú méjèèjì ló máa ń ra ère ọjà lówó gálárì, tàbí kó lọ máa ná iṣẹ́ ayàwòrán gidi bí ẹni ń ná tòmátò.

Bí ibẹ̀ ṣe rí

Ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó fara kínra ló kún ọjà Jákàńdè: ère, gángan, igbá fínfín, báàgì awọ, ìlẹ̀kẹ̀, agbọ̀n, àwòrán tí wọ́n gbé ti ara ògiri. Kò sí iye owó lára ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kọ́ ló ṣe ohun tí wọ́n ń tà. Wọ́n kó o wá láti ibòmíràn ni. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu yín kì í ṣe “Èló ni?” bí kò ṣe “Ta ló ṣe é, níbo ló sì ti wá?” Ẹni tó bá mọ ìdáhùn, ẹ dúró ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Olóyè Níkẹ̀ẹ́ Davies-Okundaye, tí gbogbo ayé ń pè ní Màmá Níkẹ̀ẹ́, ló ni gálárì náà. Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogi ni wọ́n ti bí i ní 1951, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ là. Ibẹ̀ ló dá ibùdó sílẹ̀ sí ní 1983 tó fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ, kó tó ṣí ilé alájà púpọ̀ ti Lekki ní 2009. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, wọ́n máa ń kà á sí bíi 8,000. Wọn kì í gba owó ìwọlé.

Ohun tí wọn kì í gba owó lé lórí yìí ló jẹ́ kí n máa sọ fún èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí gálárì, kódà bó bá jẹ́ pé ọjà ni wọ́n fẹ́ náwó sí. Ẹ gòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dé òkè pátápátá, ẹ rọra máa wo bí wọ́n ṣe ya ojú èèyàn, bí ilẹ̀kẹ̀ ṣe tò lórí iṣẹ́ onílẹ̀kẹ̀, bí àdìrẹ tọ́wọ́ ṣe rí nítòsí. Ojú tó bá ti rí ojúlówó kì í tètè gba ayédèrú.

Àdìrẹ

Níbí ni wọ́n ti ń rẹ́ oníbàárà jẹ jù. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ ọnà àdìrẹ sí lára ti kún ìgboro, púpọ̀ rẹ̀ sì ń ti Ṣáínà wá. Aṣọ ni, ó ṣeé rán, kò sì burú fún ẹni tó mọ ohun tó ń rà. Kí wọ́n wá gba owó àdìrẹ ẹlẹ́kọ lórí rẹ̀ ló burú.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ sè ni wọ́n fi ń ya ọnà sára aṣọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n sì máa ń fi yà á. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Oníko, okùn iko ni wọ́n fi ń di aṣọ pọ̀. Alábẹ́rẹ́, wọ́n ń rán an pọ̀ kí wọ́n tó rẹ ẹ́. Ọwọ́ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, nítorí náà ipa ọwọ́ ni kí ẹ máa wá. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ gbalaja, ẹ mú ọnà kan lára rẹ̀, kí ẹ wá wo ìkejì àti ìkẹta rẹ̀. Bí àléébù kékeré kan náà bá ń padà wá ní ojú kan náà, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni. Ẹni tó ń fi ìyẹ́ yàwòrán kò lè ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejìlá bákan náà.

Ẹ yí aṣọ náà padà pẹ̀lú. Aró máa ń mu oníko àti alábẹ́rẹ́ tinú-tẹ̀yìn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn aṣọ ẹ̀rọ sábà máa ń ṣá. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀yìn nìkan dájọ́ ẹlẹ́kọ: ojú kan ni wọ́n ń fi ẹ̀kọ sí, ọnà ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn kedere bíi ti iwájú. Mo ti gbọ́ tí oníbàárà kan ń bú olùtajà ní olè nítorí èyí, ojúlówó ẹlẹ́kọ sì ni ìyá náà gbé dání.

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀lú ni wọ́n fi rẹ ẹ́ tàbí aró òyìnbó. Méjèèjì ṣeé ra, àmọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀lú pọ̀ ju ti èkejì lọ, ó sì yẹ kí owó wọn yàtọ̀.

Tó bá jẹ́ aṣọ kan tí ẹ fẹ́ gbé kọ́ ara ògiri, gálárì. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀pá láti fi ṣe aṣọ ẹbí, kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn: ẹ wọkọ̀ lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta.

Ère “tó ti pẹ́”

“Láti ilé baba baba wọn ni wọ́n ti gbé e jáde, ẹ̀gbọ́n, ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún.” Ọ̀rọ̀ yìí kò wọ́n ní ọjà. Osùn, èéfín àti ẹrẹ̀ lè sọ ère tuntun di arúgbó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, pàápàá ère ìbejì. Èyí tí ìyá kan ti ń wẹ̀, tó ti ń fún lóúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ ló máa ń jẹ jù. Kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kì í dé ṣì máa ń mú. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ ló jẹ dọ́gba, ẹ fura.

Àmọ́ ẹ fọkàn ro ọ̀rọ̀ olùtajà yẹn dáadáa. Bó bá ń parọ́, owó yín ti wọgbó. Bó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ, wàhálà òfin lẹ rà. Òfin àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1979, ka iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó níye lórí tí wọ́n ti lò rí fún ètùtù tàbí ọdún ìbílẹ̀. A kò gbọdọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Èmi a máa fẹ́ràn agbẹ́gilére tó bá sọ ní gbangba pé oṣù tó kọjá lòun gbẹ́ ẹ.

Ní ti igi dúdú tí òyìnbó ń pè ní ebony, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tútù nu ún. Bí áńkáṣíìfù náà bá di dúdú, pólíìṣì ni wọ́n fi kun igi lásán. Ẹ wo ìdí ère náà bóyá ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí ìyẹ̀fun igi ń dà jáde. Kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn, yóò sì bá yín délé.

Idẹ

Ìlú Benin, ní òpópónà Igun, ni orírun iṣẹ́ yìí. Wọ́n á fi ìda mọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fi amọ̀ bò ó, wọ́n á yọ́ ìda náà jáde, wọ́n á da idẹ gbígbóná sí àyè rẹ̀, wọ́n á wá fọ́ amọ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́: idẹ tutù, ó sì wúwo. Èyí tó bá fúyẹ́ tó sì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́, ike tí wọ́n kùn ni. Ọjà lẹ ti máa rí orí ọbabìnrin kékeré fún orí tábìlì; ṣùgbọ́n fún ère ńlá, ìrìn àjò dé Igun fúnra rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwòrán

Danfo, ojú ọjà, obìnrin mẹ́ta tó ru igbá: ẹ máa rí wọn ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà léraléra ní Jákàńdè. Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí yóò bo ògiri pálọ̀, ẹ rà á láìtijú. Ẹ má kàn jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín bí ohun tí yóò gbówó lórí lọ́la. Ohun tó lè gbówó lórí gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹni tó yà á, ọdún tó yà á, ohun tó fi yà á, àti rìsíìtì tó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Gálárì ni ẹ ti lè béèrè ìyẹn. Kí ẹ sì mọ̀ pé kánfáàsì lẹ rà: títẹ àwòrán náà sára T-shirt fún títà ṣì jẹ́ ẹ̀tọ́ ayàwòrán, àyàfi bó bá fọwọ́ sí ìwé fún yín.

Ìlẹ̀kẹ̀ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Iyùn gidi wúwo, ó sì tutù, ike fúyẹ́. Eyín erin ńkọ́? Ẹ kọjá lára rẹ̀, ẹ má tilẹ̀ béèrè iye rẹ̀.

Owó àti ẹrù

Ní ọjà, ẹ má ná ohun tí ẹ kò ní rà, ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín gbé yín kúrò bí iye náà kò bá wọ̀. Ohùn olùtajà sábà máa ń tẹ̀lé yín. Ra nǹkan mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù kan, ìyẹn ló ń mú owó wálẹ̀ ju ìpariwo lọ. Ní gálárì, ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè ẹ̀dínwó lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá ní kò gbà, kò gbà náà nìyẹn: owó ayàwòrán wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé ẹrù kọjá pápákọ̀ òfurufú, kó tọ́jú rìsíìtì, kó sì gba ìwé lọ́wọ́ àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pé iṣẹ́ òde òní ni, kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò. Àwọn aṣọ́bodè lè béèrè rẹ̀ kódà lórí ère tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kánfáàsì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára férémù, kí ẹ ká a sínú páìpù, ojú àwòrán síta, kí ọ̀dà má baà là.