Ṣọ́ọ̀bù igbá fínfín tẹ̀gbọ́n tàbúrò l'Ọ̀yọ́

Tẹ́ ẹ bá ń wá igbá fínfín tó dáa, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Akẹ̀sán. Ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni wọ́n fi ń fín in, ẹ fọwọ́ ra á, kò ní gún yín rárá. Ó wọ́n díẹ̀ ṣá. Ọmọ oyè ni wọ́n, àtìgbà tí Aláàfin Adéyẹmí ti wàjà ní 2022 títí Aláàfin Ọwọ́adé fi jẹ ní 2025, ọ̀tọ̀ lẹni tẹ́gbọ̀n ń tì lẹ́yìn, ọ̀tọ̀ ni tàbúrò, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Àmọ́ kọ́sítọ́mà kan ń bú ẹ̀gbọ́n lójú mi, àbúrò dá owó ẹ̀ padà fún un kíá, ó ní "ẹ má bú ẹ̀gbọ́n mi níbí o." Inú mi dùn gan-an, mo ra méjì.