Oṣù Agẹmọ: èmi, Màmá, àti ẹ̀rọ ìkàwé tòkúnbọ̀

Àbúrò mi ló bá mi rà á ní ọjà kọ̀ǹpútà tó wà ní Ìkẹjà. ₦85,000 lẹni tó ń tà á kọ́kọ́ pè é, wọ́n nájà títí ó fi já sí ₦62,000. Tòkúnbọ̀ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti họ, ìwé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ṣì wà nínú rẹ̀: mọ́kànlá, gbogbo wọn lórí bí a ṣe ń tọ́ ajá. Mo ka ọ̀kan kí n tó pa wọ́n rẹ́. N kò ní ajá.

Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí àfi tí mo bá lò ó fún odindi oṣù kan, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń yin ọjà, ọjọ́ tí wọ́n tú u nínú páálí ni wọ́n ti ń yìn ín. Oṣù Agẹmọ ni mo fi dán an wò. Ìwé mẹ́ta ni mo kà tán, mo pa ẹ̀kẹrin tì. Ẹ má fi iye yẹn wọ̀n mí o. Aránṣọ ni mí ní Mọ́kọ́lá, oṣù yìí gan-an sì ni aṣọ ẹbí ìgbéyàwó méjì já lé mi lọ́wọ́, márùndínlógójì fún ọ̀kan, méjìlélógún fún èkejì. Ìgbà tí mo ń ráyè kàwé ni ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì kọ̀ tí kò jí, àti òru, tí oorun kò bá kun Màmá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dára. Ojú ẹ̀rọ náà kì í tàn yanran bí ti fóònù. Hóró yíǹkì kéékèèké ló wà nínú rẹ̀, dúdú àti funfun, ojú lásán ò lè rí wọn; iná ló ń ti dúdú wá sókè níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Tí ọ̀rọ̀ bá ti jókòó tán, kò tún jẹ iná mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, àfi ìgbà tí èèyàn bá ṣí ojú ìwé míì. Ìyẹn ni bátìrì rẹ̀ fi ń pẹ́. Mo ṣáàjì rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ kọkàndínlógún ló tó sọ pé ebi ń pa òun, bẹ́ẹ̀ sì ni mò ń tan iná kékeré tó wà létí rẹ̀ lálaalẹ́. Fóònù mi kì í rí ọjọ́ kan já. Ní ọ̀sán, tí òjò bá dá tí oòrùn yọ, mo lè jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kí n máa kà á, bí oòrùn ṣe ń mú sí i ni lẹ́tà ń hàn sí i. Kò wúwo. Ó wọ àpò ápúrọ́ọ̀nù tí mò ń kó rúlà àti ṣọ́ọ̀kì sí.

Èyí tí kò dára pọ̀ díẹ̀. Ó lọ́ra. Tí mo bá ṣí ojú ìwé, òjìji ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yìn á ṣì máa rìn lábẹ́ ti tuntun bí ìdọ̀tí tí ọṣẹ ò ràn. Tí o bá tẹ ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀ kó bá ọ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, tó bá ti jẹ́ Yorùbá, á ní òun ò mọ̀ ọ́n. Mo lè fi ìyẹn jì í. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dá a padà sí Ìkẹjà ni ọ̀rọ̀ àmì.

Ìwé Yorùbá àkọ́kọ́ tí mo gbé sínú rẹ̀, àwọn àmì orí rẹ̀ fò lọ. Àwọn kan bà sórí lẹ́tà kejì, àwọn mìíràn di àpótí kékeré tó ṣófo. Mo wá fi ọwọ́ ara mi kọ gbólóhùn kan wò: "Ọkọ rẹ̀ ti gbé ọkọ́ lọ sóko." Ohun tó jáde lójú ẹ̀rọ ni "Ọkọ rẹ ti gbé ọkọ lọ sóko." Ta ló gbé ta lọ sóko? Àbúrò mi, tó mọ̀ nípa nǹkan wọ̀nyí, ló là á yé mi. Nínú kọ̀ǹpútà, à ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣ náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ́, pẹ̀lú àmì lókè àti àmì nísàlẹ̀, kò ní. Ọ lásán ni wọ́n máa kọ, wọ́n á wá gbé àmì lé e lórí bí ẹrù tí a gbé ka alágbàrù. Tí irú lẹ́tà tí ẹ̀rọ ń lò ò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù, ẹrù á bọ́. Ó wá lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni, ó fi okùn so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú fódà tó yẹ. Ká tó wí ká tó fọ̀, gbogbo àmì ti padà sílé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí fún ìwé Yorùbá, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á nìyẹn: ṣé ó ń gba lẹ́tà àlejò? Tí kò bá gbà, kó gbé owó rẹ̀ sápò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti Màmá rèé. Wọ́n ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Ojú ọ̀tún ti ń ní awọ funfun, ti òsì náà ti ń ṣe bàìbàì. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, Màmá ní kí a jẹ́ kí wọ́n rò ó, ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti ń rò ó. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti lè ka nǹkan kan fúnra wọn. Mo gbé Bíbélì Yorùbá sínú ẹ̀rọ, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884. Mo fẹ lẹ́tà rẹ̀ títí ojú ìwé kan fi di ìlà mẹ́fà péré. Mo ṣí Sáàmù 121, mo gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n sún un mọ́ra, wọ́n sún un sẹ́yìn. Wọ́n fi ìka ìfábẹ̀lá sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ń tọ̀ ọ́ lọ. Ojú ìwé ṣí. Wọ́n wo mi. "Àbẹ̀kẹ́, ìwọ lo ṣí i?" Mo ní èmi kọ́. Mo dá a padà, wọ́n tún fi ìka sí i, ó tún ṣí. Ní ìgbà kẹta wọ́n sọ ọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì: "Nǹkan yìí ò ní sùúrù." Ẹ̀rọ náà ò mọ̀ pé wọ́n ń fi ìka kàwé ni, ó rò pé wọ́n ní kó ṣí. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi bá a jà. Màmá fúnra wọn ló rí ojútùú rẹ̀: wọ́n yọ ẹyọ ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀, wọ́n ń fi ṣe ìka. Ẹ̀rọ kì í dá igi ìgbálẹ̀ lóhùn. Mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú pálọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn láti yàrá, wọ́n ń ka Sáàmù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ń dúró níbi tó yẹ kí wọ́n dúró. Apá aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́, òdìkejì ni mo rán an. Mo tú u lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní Sáàmù dára, ṣùgbọ́n níbo ni Lápàdé wà? Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ mọ Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ rí tó ń lé ọ̀daràn kiri pẹ̀lú Tàfá, tí òwe kì í tán lẹ́nu rẹ̀ bí ewu tiẹ̀ dé ọrùn. 1969 ni ìwé náà jáde. Màmá ní bàbá mi ra tiwọn nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ara wọn sọ́nà, pé ẹ̀rín ni wọ́n fi gba ọkùnrin náà. Ìyẹn ni mo ṣe wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo bá ìwé Yorùbá kan pàdé lọ́dọ̀ àwọn kan tí wọ́n ń ta ìwé orí ẹ̀rọ, àwòkọ ìwé àtijọ́ ni wọ́n pè é, ₦2,500. Mo sanwó. Àwòrán ni wọ́n ya ìwé náà! Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́tò, igun kan tẹ̀, àtàǹpàkò ẹni tó yà á sì hàn lójú ìwé kejì. Fọ́tò kò ṣeé fẹ̀ bí lẹ́tà: tí mo bá fẹ̀ ẹ́, ìdajì ìlà á sá lọ sẹ́yìn, màá máa fà á wá, fà á lọ. Mo kọ̀wé sí wọn, wọn ò dáhùn. Ẹ̀rọ tó lè sọ lẹ́tà di ńlá wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó nílò lẹ́tà ńlá wà nínú yàrá, ìwé tó ń fẹ́ ni kò sí níbẹ̀.

Bébà ni mo wá padà sí. Mo rí Àjà Ló Lẹrù lọ́wọ́ ọlọ́jà ìwé àlòkù kan ní Dùgbẹ̀, ₦1,800, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ń rùn bí àpótí tí eku ti sùn sí. Alẹ́ mọ́kànlá ni mo fi kà á sókè fún Màmá. Wọ́n ń já ewédú, mo ń kàwé. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo rò pé mo gbọ́ Yorùbá dénú, àmọ́ kò sí alẹ́ kan tí Màmá ò dá mi dúró: "Kà á padà. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń pè é." Òwe mìíràn wà tí mo kà bí ẹni ń ka ìwé iye aṣọ oníbàárà, wọ́n á ní kí n simi, wọ́n á pa á fúnra wọn, wọ́n á wá sọ ìgbà tí bàbá àwọn pa á fún ẹlòmíràn àti ìjà tó tẹ̀lé e. A máa ń kúrò lọ́dọ̀ Lápàdé fún ìṣẹ́jú márùndínlógún kí a tó padà síbẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó gbà wá ní alẹ́ mọ́kànlá.

Aké tí Wọlé Ṣóyinká kọ wà nínú ẹ̀rọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì, 1981 ló jáde. Èyí ni mo fi ṣe ìwé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé tó dìde lọ bá àwọn ọmọ nílé ìwé kí wọ́n tó pè é, tó tún tẹ̀lé ẹgbẹ́ onífèrè títí ó fi sọnù, inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe retí lọ. Ṣùgbọ́n ìparí ìwé ló mú mi, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti kó ara wọn jọ sẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lórí ọ̀rọ̀ owó orí, tí wọ́n dúró ti ààfin. Aláké Adémọ́lá padà kúrò lórí oyè ní 1949. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Màmá bí mo ṣe ń kà á. Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ìyá tó bí wọn wà níbẹ̀, pé wọ́n pọn òun gan-an lọ ni. Ogójì ọdún ó lé, n kò gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi sọ ọ́, wọ́n ní ta ló bi àwọn. (Akínwùmí Ìṣọ̀lá ti túmọ̀ Aké sí Yorùbá tipẹ́. Lórí bébà, ẹ ti mọ̀.)

Ìwé kẹta, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, mo ti kà á nílé ìwé. Ohun tí mo ṣe lọ́tẹ̀ yìí ni pé mo gbé ti Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyinká túmọ̀ ní 1968 sínú ẹ̀rọ, mo gbé ti Yorùbá lé itan, mo ń kà wọ́n pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n irinwó ó lé ọ̀kan la máa ń ka irúnmalẹ̀ sí, lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún láti orí àkọlé. Mo sọ fún Màmá, wọ́n ní bóyá wọ́n bímọ. 1938 ni ti Yorùbá jáde. Ní ìparí 1963 tí Fágúnwà kú sómi lọ́nà Bídà, Màmá ṣì jẹ́ ọmọbìnrin, wọ́n ní olùkọ́ àwọn wọlé láàárọ̀, kò kọ nǹkan kan sójú pátákó, ó kàn ní kí ẹni tó bá ní ìwé náà gbé e jáde.

Ẹ̀kẹrin tí mo pa tì, ìwé bí a ṣe ń jí ní aago márùn-ún láti di olówó ni. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni mo ti ń jí.

Tí ẹ bá ní kí n fún un ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá. Mo yọ kan fún òjìji, mo yọ kan fún àmì tó fò lọ kí àbúrò mi tó dé, mo yọ ẹ̀kẹta fún ìka Màmá. Fún ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, tí iná àdúgbò rẹ̀ ń ṣe ségesège, kó rà á. Fún ẹni tí ojú ń dùn, ẹ ra tirẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ ìgbálẹ̀.

N kò ní í tà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi mọ́. Láti ọjọ́ kẹrìnlélógún ló ti wà lábẹ́ ìrọ̀rí Màmá, ẹyọ ìgbálẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí àmì ojú ìwé. Bébà lèmi ń kà. A ti bẹ̀rẹ̀ Àgbàlagbà Akàn, ìwé tí Òkédìjí kọ tẹ̀lé e ní 1971, àlòkù tí mo rà sì ti sọ ewé mẹ́rin nù láàárín. Ẹni tó bá ní èyí tó pé, kó jọ̀wọ́ kó yá mi. Màmá ti ń hùmọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ewé mẹ́rin náà, lálaalẹ́ ni wọ́n sì ń yí i padà.